Bí Ọmọ Ajá Bá Tóbi, Egungun Rẹ̀ Kò Tí Ì Gbó

  Ìlera ènìyàn ni a sábà máa ń sọ ní ojú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sin ajá mọ̀ pé bí ara ajá kò bá dá, ọkàn àwọn ará ilé kì í balẹ̀, pàápàá jù lọ ọkàn àwọn ọmọdé. Nítorí náà ni a ṣe gbé ọ̀rọ̀ ajá wá lónìí. Ohun tí ó fà á ni lẹ́tà kan tí ó dé ọwọ́ wa láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé wa kan tí ó ń gbé ní Sùúrùlérè, ní ìlú Èkó.

Baálé ilé yìí kọ̀wé pé òun ra ọmọ ajá Alsatian kan fún ìṣọ́ ilé. Nígbà tí ajá náà fi pé ọmọ oṣù 4, ó ti ga dé orúnkún òun, gbogbo ẹni tí ó bá sì wọlé ni ó ń yìn ín. Ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14 wá bẹ̀rẹ̀ sí í so ajá náà mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ìdájí, wọn a sì jọ sáré lórí títì ọlọ́dà fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ó tó múra ilé-ìwé. Wọ́n ní kí ajá lè lágbára ni. Oṣù kan kò pé tí ajá fi bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Bí ó bá jí ní òwúrọ̀, yóò dìde bí arúgbó tí làkúrègbé ń bá jà. Bí ó bá sì fẹ́ sáré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì yóò máa fò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ti ehoro. Ìbéèrè baba yìí ni pé: "Ṣé ẹnì kan ni ó fún ajá mi ní nǹkan jẹ ni, àbí kí a fi kún eré rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè nà?"

A kò jẹ́ kí lẹ́tà yìí pẹ́ lọ́wọ́ wa. A fèsì lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n dá eré náà dúró, kí wọ́n sì gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ohun tí dókítà rí, a óò sọ ọ́ ní ìparí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú ńlá ni ó ń sin irú ajá bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, yálà Alsatian, Rottweiler, Boerboel, Great Dane tàbí Caucasian. Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo wa jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

ARA TÓBI, ỌJỌ́ ORÍ KÉRÉ

Àwọn àgbà wa a máa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ ajá ńlá rí. Ọmọ ènìyàn tí a bí lónìí yóò tó nǹkan bí oṣù 5 kí ìwọ̀n rẹ̀ tó di ìlọ́po méjì. Ọmọ ajá a máa ṣe èyí láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 10. Ọmọ Great Dane tí kò tó kílò kan ní ọjọ́ tí a bí i lè wọ̀n tó kílò 45, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ó bá fi pé ọmọ ọdún kan. Ẹ rò ó wò ná, ta ni nínú àwọn ọmọ wa ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ajá kékeré a máa parí ìdàgbà rẹ̀ kí ó tó pé ọdún kan. Ṣùgbọ́n ajá ńlá a máa dàgbà títí di oṣù 15 tàbí 18, àwọn tí ó tóbi jù lọ nínú wọn a sì máa dàgbà títí di nǹkan bí ọdún méjì. Ìtumọ̀ èyí ni pé ajá tí ẹ ń wò yẹn, tí ó ti ga tó àga ìjókòó, tí ohùn rẹ̀ sì ń dẹ́rù ba ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn géètì, ọmọdé ni. Ara rẹ̀ ni ó sáré ṣíwájú, egungun rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

EGUNGUN TÍ Ó ṢÌ Ń GÙN

Kí ni ó wà nínú egungun ọmọ ajá tí a fi ní láti ṣọ́ra bẹ́ẹ̀? Bí ẹ bá ti jẹ ẹran adìẹ ọ̀dọ́ rí, ẹ ó ti rí egungun rírọ̀ funfun kan ní ṣóńṣó igẹ̀ rẹ̀, èyí tí eyín lè gé láìsí wàhálà. Irú egungun rírọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó wà nítòsí ìpẹ̀kun egungun gígùn tí ó wà ní ẹsẹ̀ ọmọ ajá. Ibẹ̀ ni egungun ti ń gùn. Lójoojúmọ́ ni ó ń hù díẹ̀díẹ̀, tí èyí tí ó ti hù tẹ́lẹ̀ sì ń le. Nígbà tí ajá bá dàgbà tán, gbogbo rẹ̀ yóò le, ibi ìgùn náà yóò sì dí.

Kí ó tó dí, ibẹ̀ ni ó rọ jù lọ ní gbogbo ẹsẹ̀. Àní iṣan tí ó so egungun pọ̀ mọ́ ara wọn le jù ú lọ. Bí ọmọ ajá bá fò láti ibi gíga, tàbí tí ó ṣubú, ìfarapa tí ìbá jẹ́ ti iṣan lásán fún àgbà ajá lè bọ́ sí ibi ìgùn egungun fún ọmọdé. Ẹ wo apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú ajá: egungun méjì ni ó wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ máa gùn pọ̀. Bí ibi ìgùn ọ̀kan bá bàjẹ́ tí ó sì dá dúró, èkejì kò ní dúró dè é. Yóò máa gùn lọ, ẹsẹ̀ náà yóò sì wọ́ bí ọrun. Ẹsẹ̀ tí ó bá wọ́ báyìí kò ní í nà fúnra rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ abẹ ni ó kù, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Oríkèé ìbàdí ni èkejì tí a ní láti mọ̀. Orí egungun itan rí roboto, ó sì jókòó sínú ihò kan nínú egungun ìbàdí, bí ìgbà tí ọmọ odó bá wà nínú odó. Bí ó bá jókòó dáadáa, ajá yóò rìn, yóò sáré, kò ní í mọ̀ pé òun ní ìbàdí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ajá ńlá kan, oríkèé yìí a máa dẹ̀. Orí egungun á máa mì nínú ihò rẹ̀, á máa họ etí ihò náà, nígbà tí ó bá sì pẹ́, ara ríro àti làkúrègbé yóò dé. Gerry Schnelle, dókítà ẹran kan ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àìsàn yìí lára ajá ní ọdún 1935. Ní ọdún 1966, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Orthopedic Foundation for Animals. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ àwòrán X-ray ìbàdí ajá wò, kí àwọn tí ń mú ajá bí sí i lè mọ èyí tí ó yẹ kí wọ́n fi ṣe ìyá tàbí baba.

Àìsàn àjogúnbá ni, kì í ṣe eré nìkan ni ó ń fà á. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ yìí kí ẹnikẹ́ni má baà máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ajá kì í bí ìbàdí tí ó ti bàjẹ́ tán wá sáyé. Ohun tí ó jogún ni pé oríkèé náà lè dẹ̀. Bí a bá ṣe bọ́ ọ, bí ó bá ṣe sanra sí, àti irú eré tí a fún un ní oṣù àkọ́kọ́ wọ̀nyí, gbogbo wọn ni ó ń dá kún un tàbí tí ń dín in kù. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọmọ ajá ńlá bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á pé, "Ẹ ti ya àwòrán ìbàdí ìyá àti baba rẹ̀ bí?" Bí ẹni náà bá ń fi ẹ̀rín dáhùn, ẹ fi ọgbọ́n ṣe é.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ NORWAY

Ní orílẹ̀-èdè Norway, àwọn olùwádìí tẹ̀lé nǹkan bí 500 ajá láti ìgbà ọmọdé wọn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2012. Ẹ̀yà mẹ́rin ni àwọn ajá náà: Newfoundland, Labrador, Leonberger àti Irish Wolfhound, ajá ńlá sì ni gbogbo wọn. Wọ́n rí i pé ọmọ ajá tí ó ń gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́ kí ó tó pé oṣù 3 ni ìbàdí rẹ̀ ṣeé ṣe jù kí ó bàjẹ́. Wọ́n sì tún rí i pé èyí tí wọ́n jẹ́ kí ó máa ṣeré fúnra rẹ̀ láìsí okùn lọ́rùn, ní ọgbà tàbí ní pápá, ní irú ọjọ́ orí kan náà, ìbàdí tirẹ̀ sàn jù.

Ẹ gbọ́ ohun tí èyí ń sọ fún wa o. Kò sọ pé kí a má jẹ́ kí ọmọ ajá ṣeré. Eré ni ó ń mú kí ẹran itan rẹ̀ le, ẹran itan tí ó le ni ó sì ń di oríkèé mú. Ohun tí ó yàtọ̀ ni irú eré tí ó jẹ́ àti ẹni tí ń pàṣẹ rẹ̀. Ọmọ ajá tí ó wà ní òmìnira yóò sáré díẹ̀, yóò dúró gbóòórùn, yóò yí nínú koríko, yóò sì dùbúlẹ̀ nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Èyí tí a so mọ́ kẹ̀kẹ́ kò lè dúró. Nítorí pé ó fẹ́ràn olówó rẹ̀, yóò máa bá a sáré nìṣó títí tí ara rẹ̀ yóò fi kọ̀. Ajá kò ní ẹnu tí yóò fi sọ pé, "Ọ̀gá, ó ti tó." Àwa ni a ní láti bá a sọ ọ́.

ERÉ TÍ Ó LÈ PA Á LÁRA

Títí tí ajá ńlá yóò fi dàgbà tán, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Èkínní, ẹ má ṣe so ó mọ́ kẹ̀kẹ́, ọ̀kadà tàbí ọkọ̀ kí ó máa sáré tẹ̀lé e. Ẹni tí ó ń sáré fún ìdárayá ní òwúrọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ fà á lọ.

Èkejì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó máa fò láti orí ògiri, láti ẹ̀yìn ọkọ̀ tàbí láti orí àga gíga. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá ti wúwo jù, kí ènìyàn méjì gbé e, tàbí kí ẹ fi pákó gbígbòòrò ṣe ọ̀nà fún un.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó ń gbé ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí ó máa gbé ọmọ ajá gun àtẹ̀gùn, kí ó sì máa gbé e sọ̀, ó kéré tán títí yóò fi pé oṣù 3. Lẹ́yìn náà, kí ó máa fi okùn mú un gùn ún jẹ́jẹ́, kí ó má sì jẹ́ kí ó pọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ilẹ̀ tí ń yọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni ó ní táìlì nísinsìnyí, ó sì dára lójú. Ṣùgbọ́n lójú ọmọ ajá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yà lọ sí ọ̀tún àti òsì, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń rìn lórí ọṣẹ ni. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sí ibi tí ó ń gbà kọjá àti ibi tí ó ti ń jẹun.

Ẹ̀karùn-ún, jíju bọ́ọ̀lù fún un ní àìmọye ìgbà kí ó máa sáré mú un. Eré náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìṣòro bí kò ṣe dídúró lójijì, yíyípo, àti fífò sókè láti fi ẹnu gba bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀kẹfà, ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ bá wa kìlọ̀ fún àwọn ọmọ. Ọmọ ajá kì í ṣe ẹṣin, kí ẹnikẹ́ni má gùn ún. Kí wọ́n má sì ṣe di ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì mú kí ó máa fi ti ẹ̀yìn jó. Ó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìwúwo rẹ̀ ni ó ń tẹ ìbàdí rẹ̀ nígbà náà.

Èkeje, ẹ má ṣe so ẹ̀wọ̀n wúwo mọ́ ọn lọ́rùn nítorí kí ó lè lágbára. Ọrùn àti èjìká rẹ̀ kò tí ì gbó tó ẹrù bẹ́ẹ̀.

ERÉ TÍ YÓÒ ṢE É LÓORE

Àṣìṣe kejì tún wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ti ọmọ ajá mọ́ inú àgọ́ irin láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí wọ́n á sì tú u sílẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé bá ti sùn. Ajá tí a bá tì mọ́lé báyìí, ẹran ara rẹ̀ kò ní í le, ọkàn rẹ̀ pàápàá kò ní í balẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì tú u sílẹ̀, yóò sáré àsápajúdé, ibẹ̀ ni yóò sì ti farapa. Eré díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ sàn ju eré rẹpẹtẹ ní ọjọ́ Sátidé nìkan lọ. Ọjọ́ kan kọ́ ni à á bọ́ ọmọ tí ó rù.

Ẹ tú u sílẹ̀ sí àgbàlá tàbí sí pápá tí a mọ odi yí ká, lórí iyanrìn, erùpẹ̀ tàbí koríko, kí ó máa ṣe bí ó ti wù ú. Ẹ máa mú un rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú okùn tí kò fún, kí ó máa dúró gbóòórùn nǹkan. Ẹ máa fi oúnjẹ díẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ewé tàbí sẹ́yìn ìkòkò òdòdó kí ó fi imú wá a. Iṣẹ́ imú a máa rẹ ọmọ ajá bí eré sísá, kò sì ní í ba egungun jẹ́. Ẹ máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ́ ọ láti jókòó, láti dúró, àti láti wá nígbà tí ẹ bá pè é. Bí omi mímọ́ tí kò jìn bá wà nítòsí, tí ó sì fẹ́ wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, lúwẹ̀ẹ́ dára púpọ̀ nítorí pé omi ni yóò gbé ìwúwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tì í sómi, ẹ má sì ṣe kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí ó sùn. Ọmọ ajá lè sùn tó wákàtí 18 lójúmọ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Orun yẹn wà nínú ìdàgbà rẹ̀.

BÁWO NI Ó ṢE YẸ KÍ Ó PẸ́ TÓ?

Ìwọ̀n kan wà tí àwọn tí ń sin ajá máa ń lò: ìṣẹ́jú 5 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ajá ti lò láyé, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ oṣù 3, ìṣẹ́jú 15 ni. Bí ó bá jẹ́ ọmọ oṣù 5, ìṣẹ́jú 25 ni. Ìrìn pẹ̀lú okùn ni a ń fi èyí wọ̀n. Eré òmìnira tí ó ń ṣe fúnra rẹ̀ nínú àgbàlá kò sí nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe mú ìwọ̀n yìí bí òfin tí kò ṣeé yí padà, nítorí pé kì í ṣe inú ìwádìí ni ó ti jáde, àmọ̀ràn ni. Ajá fúnra rẹ̀ ni atọ́nà tí ó dára jù. Bí ó bá ń fà sẹ́yìn, tí ó ń jókòó lójú ọ̀nà, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tí ara rẹ̀ gan nígbà tí ó bá jí ní ọjọ́ kejì, ti àná ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù.

Láti ọ̀sẹ̀ 8 títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, ẹ jẹ́ kí eré rẹ̀ wà nínú àgbàlá yín. Àkókò abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ nìyí, àrùn parvo tí ń mú kí ọmọ ajá máa bì, kí ó sì máa ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, sì wà ní ilẹ̀ àdúgbò tí àwọn ajá ń rìn kiri. Ẹ má ṣe gbàgbé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, nítorí ẹ̀mí ẹ̀yin àti ọmọ yín náà wà nínú rẹ̀. Láti oṣù 4 sí oṣù 6, ìrìn kúkúrú lójú pópó lè bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù 6 sí oṣù 12, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Àkókò yìí gan-an ni ìtànjẹ pọ̀ jù, nítorí pé ajá ti dà bí àgbà. Bí ó bá ti kọjá oṣù 12, tí ó sì jẹ́ ajá ńlá, ẹ bi dókítà ẹran léèrè bóyá egungun rẹ̀ ti dí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré sísá gidi. Fún Boerboel, Great Dane àti Caucasian, ẹ fara balẹ̀ títí di oṣù 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

OÒRÙN ILẸ̀ WA

Ajá kì í làágùn ní gbogbo ara bí ènìyàn. Ahọ́n àti èémí ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ajá onírun púpọ̀ bí Caucasian, tí baba ńlá rẹ̀ ti òkè olótùútù wá, ń jìyà oòrùn wa ju àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa mú ajá jáde. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé ọ̀dà títì kí ẹ tó lọ. Bí ẹ kò bá lè fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 7, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá kò lè gbà á. Ẹ gbé omi dání. Bí ajá bá ń mí gùlegùle, tí itọ́ rẹ̀ ki, tí ó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

OÚNJẸ WÀ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

A kò lè sọ̀rọ̀ eré kí a má mẹ́nu kan oúnjẹ, nítorí pé ìwúwo ni oríkèé ń gbé. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ajá Labrador 48 ṣe ìwádìí láti ìgbà ọmọdé wọn títí di ọjọ́ ikú wọn. Wọ́n pín wọn ní méjì-méjì. Ọ̀kan nínú méjì a máa jẹ oúnjẹ tí ó fi ìdá mẹ́rin kan dín sí ti èkejì. Nígbà tí wọ́n fi pé ọmọ ọdún méjì, ìbàdí àwọn tí ń jẹ díẹ̀ sàn jù. Nígbà tí wọ́n sì tẹ àbájáde gbogbo rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, wọ́n rí i pé àwọn wọ̀nyí fi nǹkan bí ọdún 1.8 pẹ́ láyé ju àwọn ẹnìkejì wọn lọ. Ọmọ ajá tí ó rí kìtìkìtì bí ìlù lè dára lójú àlejò, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ kan egungun ìhà rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ púpọ̀.

Ẹ sì ṣọ́ra fún kálísíọ̀mù. Àwọn ènìyàn a máa rà á fún ọmọ ajá ńlá, wọn a ní kí egungun rẹ̀ lè le. Àwọn onímọ̀ ní Utrecht, ní ilẹ̀ Netherlands, fi hàn ní ọdún 1985 pé kálísíọ̀mù àpọ̀jù a máa ba egungun ọmọ Great Dane jẹ́, nítorí pé ara ọmọ ajá kò lè kọ èyí tí ó pọ̀ jù bí ti àgbà. Ẹni tí ó bá ń ra oúnjẹ tí a ṣe fún ọmọ ajá ńlá, ìwọ̀n tí ó yẹ ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń se oúnjẹ fún ajá rẹ̀ nílé, kí ó bi dókítà ẹran kí ó tó fi ohunkóhun kún un.

BÍ Ó BÁ TI Ń TIRO

Bí ọmọ ajá bá tiro ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ, ẹ má ṣe fi ọwọ́ wọ́ ọ bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, ẹ má ṣe sáré lé e kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè nà, ẹ má sì ṣe fún un ní oògùn ara ríro ti ènìyàn. Ibuprofen lè dá egbò sí ikùn ajá, kí ó sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Paracetamol náà lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ẹran. Ó lè jẹ́ àìsàn ìdàgbà tí ń ṣí láti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí èkejì, tí yóò sì lọ fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìbàdí, èjìká tàbí ìgunpá. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, àwòrán X-ray ni yóò fi í hàn.

ÌDÁHÙN SÍ BABA SÙÚRÙLÉRÈ

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, baba náà kọ̀wé padà. Ẹnikẹ́ni kò fún ajá rẹ̀ ní nǹkan jẹ. Àwòrán X-ray fi hàn pé orí egungun itan rẹ̀ méjèèjì kò jókòó dáadáa nínú ihò ìbàdí. Dókítà sọ fún wọn pé ajá náà jogún rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìsáré orí ọ̀dà àti oúnjẹ àjẹjù ni ó mú kí ìrora rẹ̀ tètè yọjú. Wọ́n ti dín oúnjẹ rẹ̀ kù, wọ́n ti tẹ́ ẹní sí gbogbo pálọ̀. Ìrìn ìṣẹ́jú 10 lórí iyanrìn, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ni dókítà fún un, pẹ̀lú oògùn tirẹ̀. Ó ti ń dìde ní òwúrọ̀ láìkérora.

Ohun tí ó dun baba jù ni ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ní ọmọ náà jókòó ti ajá ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, ó sì wí pé, "Bàbá, èmi ni mo ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́." Ọmọ wa, bí wọ́n bá ka ìwé yìí fún ọ, gbọ́ o. Ìwọ kọ́ ni o fún un ní ìbàdí tí ó jogún, ìfẹ́ ni o sì fi ń bá a sáré. Ohun tí o kò mọ̀ ni o ti wá mọ̀ báyìí, ìwọ sì ni ó yẹ kí ó máa mú un rìn ìṣẹ́jú 10 wọ̀nyẹn. Ajá yìí lè má di asáré láéláé. Ṣùgbọ́n etí, imú àti ohùn ni ajá fi ń ṣọ́ ilé, gbogbo ìwọ̀nyí ni ó sì pé lára tirẹ̀.

Ẹ̀yin yòókù tí ọmọ ajá yín ṣì ń fò kiri àgbàlá, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ fún un ní ọdún kan àti ààbọ̀ sùúrù, yóò sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ ilé fún yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ara ó le.